Kí Bọ́ọ̀sì Gbéra Láìdúró Kó Kún: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ètò Ọkọ̀ Èrò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí ẹ̀yin ìjòyè ìlú, kí oyè ó tọ́jọ́. Mo kí ẹ̀yin Olórítún gbogbo, ẹ̀yin olórí àdúgbò. Mo kí ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tí ẹ pa ìsọ̀ dé nítorí ìpàdé yìí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọjà ó tà. Mo kí regbẹ́regbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ìlú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tai Solarin tí ẹ wá láti Ìjagun. Mo sì kí ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá. Inú mi dùn gidigidi pé ẹ wà ní ìjókòó, torí a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ẹ kú ìjókòó o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe tún ètò bọ́ọ̀sì ìlú wa ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí n dárúkọ iye bọ́ọ̀sì tó yẹ kí ìjọba rà fún wa. N kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì rírà ló kẹ́yìn nínú ohun tí mo gbé wá. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ títí n ó fi jókòó, abẹ́ rẹ̀ ló wà: kí bọ́ọ̀sì ìlú máa gbéra nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, ì báà kún, ì báà má kún.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ì báà kún, ì báà má kún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé gáréèjì

Ẹ bá mi ká lọ láàárọ̀. Aago méje ti kọjá díẹ̀. Ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, èrò wà. Kí ló wá dé tí ọkọ̀ kò lọ? Kò tíì kún ni. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo: "Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹ yọjú wo inú ọkọ̀, àyè mẹ́rin ló ṣófo. Ìyá tó wà lẹ́yìn ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé itan títí itan fi ń ro ó. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń wo aago orí fóònù rẹ̀ léraléra, ìdánwò rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Méjì nínú àwọn tó jókòó síwájú kì í ṣe èrò rárá. Ọmọ gáréèjì ni wọ́n. Wọ́n jókòó kí ojú ọkọ̀ lè jọ ti ọkọ̀ tó ti fẹ́ lọ. Bí èrò tòótọ́ bá dé, wọn á rọra sọ̀ kalẹ̀, wọn á sì lọ jókòó sínú èyí tó kàn. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ta wá ni ká bá wí? Ṣé awakọ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù wò ó. Ọkọ̀ tó ń wà, ti ẹlòmíràn ni. Ọlọ́kọ̀ ń retí owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì wà níbẹ̀. Táyà wà níbẹ̀. Epo ńkọ́? Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, lítà epo bẹntiróò kan kò tó ₦200. Wọ́n kéde lọ́jọ́ náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò sì pé ọjọ́ mélòó kan tó fi fò kọjá ₦480. Gbogbo owó wọ̀nyí, orí èrò nìkan ni awakọ̀ ti ń rí i. Bó bá gbéra pẹ̀lú àyè mẹ́rin tó ṣófo, àpò òun fúnra rẹ̀ ló jò. Nítorí náà, awakọ̀ tó dúró kí ọkọ̀ kún kì í ṣe ọ̀dájú èèyàn. Ìṣirò ló ń ṣe, ìṣirò rẹ̀ sì péye.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí ìdúró yìí ń bí fún ìlú.

Èyí àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òun yóò dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jáde bí ẹni tó fẹ́ dé ní aago méje. Wákàtí kan ayé rẹ̀ ti lọ sórí ìjókòó ọkọ̀ tí kò rìn.

Èyí kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù, torí a kì í sábà rí i. Ọkọ̀ tó bá kún ní gáréèjì, kò sí àyè fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ mú ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní àárín gáréèjì àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ó jáde sí etí títì, ọkọ̀ ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kún. Kí ló máa ṣe? Á gun ọ̀kadà padà sẹ́yìn lọ sí gáréèjì, á jókòó dè é kó kún, ọkọ̀ náà á sì tún gbé e kọjá níwájú ilé ara rẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀mejì, àsìkò ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibi tó ń lọ ló wá ń náwó ju ẹni tó jìnnà lọ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀kẹta ni òru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èrò dín kù. Bí èrò bá dín kù, ọkọ̀ kò lè kún. Bí kò bá lè kún, awakọ̀ á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan nílùú yìí sọ fún mi pé bí òun bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, tí òun bọ́ lálẹ́, ọ̀kadà nìkan ló kù tí òun lè rí. Mo ní ṣé owó náà kò pọ̀ jù? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn ń dùn mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí jù. N kò mọ ẹni tó ń gbé mi." Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn wa láti ọ̀sán di òru, ìlú kò rí ọkọ̀ fún un padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí bọ́ọ̀sì gbéra láìdúró kó kún. Àyè tó ṣófo nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní gáréèjì, ẹni tó ń dúró lójú ọ̀nà ní Fọlágbadé ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí ẹni yẹn bá sọ̀ lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn á tún jókòó. Àyè kan náà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa san owó rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé òpin. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rò ó wò. Èrè tí ẹ̀ ń jókòó dè ní gáréèjì, ojú títì ló wà.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ

Mo bọ́ sí apá kejì ọ̀rọ̀ mi. Ṣé a mọ ibi tí àwọn èèyàn ìlú yìí ń lọ?

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí. Ní 1988, nígbà tí ìnira SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, mú gbogbo èèyàn, ìjọba àpapọ̀ dá ètò ọkọ̀ èrò sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Bọ́ọ̀sì ńláńlá dé. A pàtẹ́wọ́, a jó. Láìpẹ́ láìjìnnà, púpọ̀ nínú wọn ti di òkú ọkọ̀ nínú ọgbà ìjọba káàkiri, igbó hù mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Kí ló pa wọ́n? Ohun tó pa wọ́n pọ̀: kò sí ohun èlò àpààrọ̀, owó ọkọ̀ kò ká ìnáwó, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì sẹ́ni tó jókòó ro ibi tó yẹ kí wọ́n máa ná. Wọ́n ra ọkọ̀ kí wọ́n tó wo ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Nairobi, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Bí a ṣe ní danfo ni wọ́n ní tiwọn, matatu ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, kò sí ìwé kankan tó fi gbogbo ọ̀nà tí matatu ń ná hàn. Orí awakọ̀ àti orí èrò nìkan ni ìmọ̀ náà wà. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n wọ matatu, wọ́n ń sàmì sí gbogbo ibi tó ti dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin. Ọ̀nà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n kọ sílẹ̀ báyìí. Nígbà tó fi di 2014, wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ sínú máàpù kan ṣoṣo, àwọ̀ kan fún ọ̀nà kan, ìjọba ìlú náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Fóònù ni wọ́n fi ṣe é o. Irú èyí tó wà lápò yín yẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tai Solarin, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde kò ju ìdá kékeré kan lọ nínú Nairobi. Kí ló dé tí ẹ kò fi lè ya tiwa?

Ìlú yìí sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1990, ìlú péjọ láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń fa òṣì láàárín wa àti ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì tí gbogbo ayé mọ̀, tó fi ìlú yìí ṣe ibùgbé, tó sì dágbére fáyé ní 2022, wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọn kò dúró de ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìlú, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣètò.

Kí wá ni ká kà? Ká ka iye ẹni tó wọ ọkọ̀, ibi tó ti wọ̀, ibi tó ti sọ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó rí ọkọ̀. Ká kà á ní ọjọ́ iṣẹ́. Ká kà á ní ọjọ́ ọjà, torí Òkè-Ajé ọjọ́ ọjà kì í ṣe Òkè-Ajé ọjọ́ mìíràn. Ká kà á ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí wọ́n bá kírun tán, ká sì kà á ní ọjọ́ Ìsinmi. Ká má fi Ojúde Ọba ṣe òdiwọ̀n. Ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ló wà nílùú yìí. Ètò ọ̀tọ̀ ló yẹ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá fi èrò Ojúde Ọba ra bọ́ọ̀sì, ohun tó máa fi wọ́n ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá yóò ṣòro fún un láti mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tún ka ẹni tí kò wọ ọkọ̀. Báwo la ṣe ń ka ẹni tí kò sí níbẹ̀? Ilé la ó ti bá a. Màmá kan wà ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, gàárì ló ń tà. Ó dáwọ́ ọjà dúró. Gbogbo wa rò pé àgbà ló dé. Nígbà tí mo bi í, ó ní ara òun le. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ló ga ju orúnkún òun lọ, wọ́n sì ń gba owó èèyàn kan lórí àpò gàárì kọ̀ọ̀kan. Èrè tó wà lórí àpò náà, ọkọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bí a bá jókòó sí gáréèjì nìkan tí à ń kà, a kò ní rí màmá yìí láéláé, a ó sì máa sọ pé èrò kò pọ̀.

Ìṣirò tí kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà wá

Apá kẹta, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká a. Ìjẹ̀bú mọ owó í kà, èyí kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká fi ọ̀nà kan ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́ọ̀sì gbéra ní Gáréèjì Ìbàdàn, ó gba àárín ìlú, ó ń lọ sí Ìjagun. Mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, kíkà wa ló máa sọ ọ̀nà tó yẹ. Ká sọ pé ìṣẹ́jú 30 ni àlọ, ìṣẹ́jú 30 ni àbọ̀. Awakọ̀ á sinmi ìṣẹ́jú 5 ní ìhín, ìṣẹ́jú 5 ní ọ̀hún. Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ìṣẹ́jú 70. Bí a bá fẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan máa kọjá ní gbogbo ìṣẹ́jú 10, ẹ pín 70 sí 10. Bọ́ọ̀sì 7 la nílò. Ẹ fi 1 kún un tí yóò wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ó di 8.

Ó dáa. Ìjọba wá gbé bọ́ọ̀sì 8 fún wa lọ́la. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Àdúgbò yìí á ní wọn kò fún àwọn, wọ́ọ̀dù tọ̀hún á ní ọmọ àwọn kò sí nínú ìgbìmọ̀ ni. Láti pẹ̀tù sí gbogbo ènìyàn nínú, a ó pín bọ́ọ̀sì 8 sí ọ̀nà 8, ọ̀kan fún ẹnì kan. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá gùn bí èyí tí a kà yẹn, bọ́ọ̀sì kan á máa kọjá ní ìṣẹ́jú 70 síra wọn. Ta ló máa dúró dè é? Ẹni tí kò bá mọ àsìkò rẹ̀ lè dúró ju wákàtí kan lọ, oòrùn á pa á, òjò á pa á, ọ̀kadà á sì dé bá a níbẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, bọ́ọ̀sì òfìfo la ó máa rí. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn da ife omi kan ṣoṣo sórí gbogbo oko: oko kò mu, omi sì ti tán.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀nà àkọ́kọ́. N kò ní tàn yín. Ẹ ní láti yàn. Ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀sì dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kó wúlò ní ibi tó bá dé? Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ya gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọn lákọ̀tun ní oṣù Kẹjọ 2015. Owó tí wọ́n ń ná kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé àwọn ọ̀nà tó ń yí kiri, wọ́n sì kó ọkọ̀ jọ sórí àwọn ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí, tó fi jẹ́ pé lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ọ̀sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan tàbí méjì, ká ṣe é kó dáa débi pé yóò wọ àwọn tó kù lójú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò máa kó èrò láti inú àdúgbò wá sí ojú ọ̀nà náà.

Ìṣirò kan kù. Bí a bá lè gé ìṣẹ́jú 5 kúrò nínú àlọ, ká gé 5 kúrò nínú àbọ̀, 70 á di 60. Bọ́ọ̀sì 6 á ṣe iṣẹ́ 7. Ọkọ̀ kan gbáko ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀! Níbo la ó ti gé e? Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ni. Kọ̀ńdọ́ tó ń wá ṣéńjì, ìjà ₦50, ọkọ̀ tó ń dúró níwájú gbogbo ojúlé. Kí èrò ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé, kí ibùdókọ̀ ní ààyè tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ tàbí àtẹ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin alága gáréèjì, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: "Wọ́n tún ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa." Rárá o.

Nígbà tí Èkó ṣí BRT, ètò bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22, ta ló wa àwọn ọkọ̀ náà? Ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW fúnra wọn dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà náà. Àwọn kan náà tí wọ́n ní wọn kò lè yípadà. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n gba owó oṣù, èrò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ọkọ̀. Ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, láti 2005 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọlọ́kọ̀ jọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń yá wọn lówó láti fi bọ́ọ̀sì tuntun rọ́pò jálòpí. Ọlọ́kọ̀ ṣì ni ọlọ́kọ̀. Ètò ló yàtọ̀.

Ohun tí mò ń dábàá ni pé kí a má san owó fún awakọ̀ lórí iye orí tó gbé mọ́. Ká san án lórí iye ìrìn tó rìn. Bó bá gbéra ní aago méje àti ìṣẹ́jú 10 bí ìwé ṣe wí, tó sì dé òpin ọ̀nà, owó rẹ̀ ti pé, ì báà gbé ẹni méjìlá, ì báà gbé ẹni mẹ́ta. Owó tí èrò san á lọ sínú àpò kan ṣoṣo, inú àpò náà la ó ti san ti gbogbo ọkọ̀. Kí ni awakọ̀ tún fẹ́ máa sáré lé awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún? Kí ló fẹ́ máa dínà mọ́ ọn fún ní Fọlágbadé? Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá àjọ láàárín ara yín ní gáréèjì láti ọjọ́ pípẹ́, àpò kan ṣoṣo kì í ṣe ohun àjòjì sí yín.

Awakọ̀ kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé pé ta ló máa di àpò náà mú. Ìbéèrè yẹn ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òní. Ìdáhùn mi ni pé kí ó má jẹ́ ẹnì kan. Kí aṣojú awakọ̀ wà níbẹ̀, kí aṣojú ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀, kí aṣojú ọjà àti ti ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri gáréèjì lóṣooṣù kí gbogbo ojú rí i.

Owó

Ọ̀nà tuntun kì í kún lóṣù àkọ́kọ́. Èrò á kọ́kọ́ máa wò ó bóyá òótọ́ ni. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, bọ́ọ̀sì á máa gbéra pẹ̀lú èrò díẹ̀, owó tó ń wọlé kò sì ní tó owó epo. Bí a kò bá ti pèsè fún oṣù wọ̀nyí ṣáájú, ètò náà á kú kí ìlú tó gbà á gbọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò bọ́ọ̀sì ń kú sí gan-an nìyẹn.

Ta ni yóò pèsè rẹ̀? Ẹ wo Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ dídá gáréèjì sílẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ àti àkóso rẹ̀, bó ṣe ni ti ọjà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ tó wà níbí, òfin ti fi gáréèjì lé yín lọ́wọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́, kí apá kan nínú rẹ̀ padà sójú ọ̀nà.

Kí a sì ya owó mẹkáníìkì sọ́tọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ilé ìtọ́jú ọkọ̀ ni orí ètò bọ́ọ̀sì. Kí ọkọ̀ tí a bá rà jẹ́ èyí tí ohun èlò rẹ̀ wà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, tí mẹkáníìkì ìlú yìí mọ inú rẹ̀. Àwọn kan á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì oníná àti bọ́ọ̀sì onígáàsì. Ó dáa, epo á dín kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí a ó ti máa rọ gáàsì náà nítòsí hàn wá, torí ọkọ̀ tó bá ń rin ìrìn àjò kó tó jẹun kò lè tẹ̀ lé aago.

Regbẹ́regbẹ́, iṣẹ́ tiyín rèé. Ọdọọdún ni ẹ̀ ń dá aṣọ tó rẹwà, ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Kí regbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ibùdókọ̀ kan: òrùlé tó fẹ̀ tó láti gba òjò, ìjókòó fún àgbàlagbà, iná oòrùn tó ń tàn lóru, pátákó tí a kọ àsìkò bọ́ọ̀sì sí. Kí pèpéle rẹ̀ ga débi àtẹ̀gùn ọkọ̀, kí màmá tó ń ta gàárì lè wọlé láìsí ẹni tó tì í lẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ regbẹ́ yín sí i gàdàgbà, ó yẹ yín. Nínú bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo fún ẹrù, kí owó àpò gàárì kan má sì ju ìdajì owó èèyàn lọ.

Ohun tó kàn

Mo ti fẹ́ jókòó. Kíkà la ó kọ́kọ́ ṣe, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. A nílò àwọn ọ̀dọ́ tí yóò dúró ní Gáréèjì Ìbàdàn, ní Gáréèjì Èpẹ́, ní Gáréèjì Èkó, ní Fọlágbadé àti ní Òkè-Ajé láti ìdájí títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo wí o, torí àwọn bíi nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn awakọ̀ yín pé àwọn ọ̀dọ́ náà ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lé wọn.

Akọ̀wé àpérò yìí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ kọ àdúgbò tí ẹ ti ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ibi tí ẹ̀ ń lọ, àti aago tí ẹ̀ ń fẹ́ débẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ, akọ̀wé á bá a kọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè. Ẹ̀yin awakọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí.